Ẹ má tíì restart sáfà yẹn o: àwọn àṣìṣe tá a máa ń ṣe lórí Nginx àti Apache

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń gbé wẹ́bsáìtì sórí sáfà fúnra yín, yálà Ìjẹ̀bú-Òde lẹ wà bíi tèmi, tàbí Ṣàgámù, tàbí ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tẹ́ ẹ wà l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Nginx àti Apache ni ètò orí sáfà tó ń gbé sáìtì yín fún bíráúsà àwọn tó ń wò ó. Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: ẹ má restart sáfà láì kọ́kọ́ yẹ ohun tẹ́ ẹ kọ sínú fáìlì config (fáìlì tá a fi ń sọ fún sáfà bó ṣe máa ṣiṣẹ́) wò.

Ọjọ́ Ojúde Ọba lèmi kọ́ ọ. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní kí n bá àwọn ṣe sáìtì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á máa gbé fọ́tò sí, ọjọ́ kẹta Iléyá gan-an, bí wọ́n ṣe ń jó lọ síwájú Ọba, ni ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìyá ẹgbẹ́ ní "Ọmọ mi, fọ́tò wa ò wọlé o." Mo wò ó, 413 ló ń kọ, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbé wọlé ti tóbi jù. Nginx, téèyàn ò bá sọ nǹkan kan fún un, kì í gba ohun tó bá ju 1MB lọ, bẹ́ẹ̀ fọ́tò fóònù ayé ìsinyìí lè tó 4MB. Mo bá ṣí fáìlì config, mo tẹ èyí sókè location (ibi tá a ti ń sọ ohun tí Nginx á ṣe fún àdírẹ́sì kan):

client_max_body_size 20M

mo sì restart lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ìparí ìlà yẹn dáadáa, kò sí àmì ; níbẹ̀. Àfi gbì, gbogbo ẹ̀ lọ, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ yẹn nìkan o, ti àwọn oníbàárà mi tó kù lórí sáfà kan náà ló bá a lọ, torí restart á kọ́kọ́ pa Nginx ná kó tó tún un tan, tó bá wá fẹ́ tan tó bá ìlà tí ò yé e pàdé, kò ní tan mọ́. Nínú ìlù, nínú ìró ìbọn àwọn ẹlẹ́ṣin, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀, èmi ń fi fóònù wá àmì kékeré kan. Ojú mi rí màbo lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí ǹ bá ti ṣe ò ju ìlà kan lọ: sudo nginx -t. Á dárúkọ fáìlì, á ka nọ́ńbà ìlà, á kọ ọ́ gbangba pé: directive "client_max_body_size" is not terminated by ";". Ti Apache ni sudo apachectl configtest, tó bá ti ní Syntax OK, ẹ máa lọ. Reload (kí sáfà tún config kà láì kú) ni kẹ́ ẹ sì lò lẹ́yìn ìyẹn, torí Nginx tó bá rí àṣìṣe nígbà reload á kàn máa fi ti tẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ ni, àwọn tó ń wo sáìtì yín ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Chmod 777 ńkọ́? Ìyẹn ń dùn mí dọ́kàn. Èèyàn á rí 403 (ìyẹn ni pé sáfà ò gbà kó wọlé), á bá ṣí gbogbo fódà sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà, kẹ́nikẹ́ni tó bá ríhò wọlé lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀. Bọ̀bọ́ kan láti Ìkẹ́nnẹ́ gbé tiẹ̀ wá bá mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe 777, 403 yẹn ò lọ." Kò lè lọ, inú /root, fódà ọ̀gá sáfà tí ẹlòmíì ò lè wọ̀, ló kó sáìtì sí. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá gbayawu, géètì òde wà ní títì pa, www-data, ìyẹn orúkọ tí Apache àti Nginx fi ń ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu, ò rí géètì kọjá. A tẹ namei -l, a fi àdírẹ́sì fáìlì náà tẹ̀ lé e, ó to gbogbo fódà láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló fìka tọ́ ibi tó ti dí. A kó o lọ sí /var/www, fódà 755, fáìlì 644 (ẹni tó ni ín nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀, àwọn tó kù á kàn máa kà á), ó tán.

Ẹ má sì fi gbogbo fódà iṣẹ́ yín ṣe DocumentRoot (fódà tí sáfà ń ṣí fún gbogbo ayé). Páswọ́ọ̀dù dátábéèsì ló máa ń wà nínú .env, ẹni tó bá kàn tẹ orúkọ ẹ̀ sí bíráúsà lè kà á bí ìwé ìròyìn. Tí iṣẹ́ yín bá ní fódà public, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tọ́ka sí, kẹ́ ẹ sì dínà gbogbo ohun tó bá fi àmì . bẹ̀rẹ̀, àfi .well-known nìkan, torí Let's Encrypt, àwọn tó ń fún wa ní sáténífíkéètì HTTPS lọ́fẹ̀ẹ́, nílò ẹ̀. Lórí Apache, ẹ fi Options -Indexes sí i, kó má bàa máa to orúkọ àwọn fáìlì inú fódà síta.

Tí .htaccess (fáìlì tá a fi ń pàṣẹ fún Apache nínú fódà kan) ò bá ṣiṣẹ́, ẹ wo AllowOverride, ìlà tó ń sọ bóyá Apache á gbọ́ tiẹ̀, None ló máa ń wà bẹ́ ẹ ò bá yí i. Ẹ má sì da Order allow,deny ti àtijọ́ pọ̀ mọ́ Require all granted tó dé pẹ̀lú Apache 2.4 ní 2012, àwọn méjèèjì ló ń sọ ẹni tó lè wọlé, ọ̀kan ni kẹ́ ẹ mú.

Sáténífíkéètì Let's Encrypt, 90 ọjọ́ ni wọ́n ń fún wa. Ẹ tẹ sudo certbot renew --dry-run lónìí, ìyẹn á dán bó ṣe máa gba tuntun wò láì tíì gbà á ní tòótọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ tí oníbàárà á pè yín. Tó bá kọ̀, pọ́ọ̀tì 80 (ẹnu ọ̀nà HTTP) lẹ ó kọ́kọ́ wò, torí ọ̀pọ̀ wa ti tì í pa ní fáyawọ́ọ̀lù, a rò pé 443 (ti HTTPS) nìkan ti tó, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà 80 yẹn gan-an ni Let's Encrypt máa ń gbà wá yẹ̀ wá wò.