Bí Àlejò Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ṣe Lè Bá Wa Sọ̀rọ̀ Lórí Àyípadà Ojú Ọjọ́

Bí ẹ bá ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ sì fẹ́ kí àwọn tó wá wòran bá yín tan ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ kálẹ̀, ẹ má ṣe fi àwòrán yìnyín tó ń yọ́ ní òkè òkun bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọmọ ilé ìwé dúró síwájú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì sáré lọ síbi tí ìlù wà, nítorí pé ìlù ni wọ́n mọ̀. Ibi ìlù yẹn ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú ohun tí ẹ ti ní. Bí ó bá jẹ́ gángan, ẹ sọ fún àlejò pé igi ọ̀mọ̀ tàbí àpá ni a fi ń gbẹ́ ẹ, pé awọ ewúrẹ́ ni a fi ń bò ó, àti pé awọ náà a máa dẹ̀ nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀, tí onílù yóò fi sá a sóòrùn kí ohùn rẹ̀ tó dún bó ṣe yẹ. Bí ó bá jẹ́ igbá fínfín, èyí tí a mọ Ọ̀yọ́ mọ́, ẹ rán an létí pé oko ni igbá ti ń so kí ó tó dé ọwọ́ afíngbá, òjò ló sì ń mú un so.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bèèrè, ẹ sì dákẹ́. Ìbéèrè ni ọ̀pọ̀ wa kì í mọ̀ ọ́n bi. "Kí ni ẹ mọ̀ nípa àyípadà ojú ọjọ́?" dà bí ìdánwò, àgbà kì í sì fẹ́ kí a dán òun wò ní gbangba. Ẹ kúkú sọ pé: "Ìyá, nígbà tí ẹ wà ní ọmọge, oṣù wo ni ẹ máa ń retí àkọ́rọ̀ òjò?" Tàbí: "Bàbá, ìgbà wo ni ẹ ń kọ ebè nígbà náà, ìgbà wo ni ẹ ń kọ ọ́ báyìí?" Ẹni tó ń ta mángòrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò sọ ìgbà tí igi rẹ̀ ń tanná fún yín láìkólòlò. Bí wọ́n bá gbà, ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, ẹ kọ oko tàbí àdúgbò tí ọ̀rọ̀ náà ti wá àti ọdún tí wọ́n ń sọ, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn hàn. Ẹ má tún ẹnu wọn ṣe. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́.

Síbẹ̀, ìrántí kì í ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ máa ń fi ọdún 30 ṣe ìwọ̀n kí wọ́n tó sọ pé bí ojú ọjọ́ ibì kan ṣe rí nìyí. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀rí àlejò sí apá kan, ẹ fi àkọsílẹ̀ NiMet, àjọ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, sí apá kejì. Bí méjèèjì bá takora, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; àlejò tó bá rí i yóò dá sí i, ìyẹn gan-an ni a sì ń wá.

Ẹnìkan yóò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ aráyé ló fà á. Ẹlòmíràn yóò ní òrìṣà ló ń bínú, ó ṣe tán, ìlú Ṣàngó ni Ọ̀yọ́. Ẹ má bá wọn jiyàn níwájú èrò. Ẹ ṣàlàyé pé èédú ilẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì tí a ń jó ń tú gáàsì mìíràn tí a ń pè ní carbon dioxide sínú afẹ́fẹ́, gáàsì yìí ló ń ṣe bí ìbora tí kì í jẹ́ kí ooru ayé jáde. Nínú mílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́, bí 280 ni carbon dioxide jẹ́ kí ayé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó dé. Ó ti ju 420 lọ báyìí, ọdún 2024 ló sì gbóná jù nínú gbogbo ọdún tí a ti wọ̀n. Ibi tí mo ti rí àṣìṣe jù nìyí: àlàyé náà a máa parí sí ọ̀dọ̀ ìyá tó ń fi igi ro àmàlà, bí ẹni pé òun ló ba ayé jẹ́. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kò kó ju bí ìdá 4 nínú 100 lọ nínú carbon dioxide tí èédú ilẹ̀, epo àti gáàsì tí ayé ń jó ń tú síta lọ́dọọdún, ó sì yẹ kí ìyá náà gbọ́ èyí lẹ́nu yín, kí ó lè lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ní Prague lọ́dún 2022, ICOM, àjọ àgbáyé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, fi ìkópa ará ìlú sínú ìtumọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ fa iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, nígbà náà. Ẹ ka àkọlé yín sí wọn létí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ pe onílù tàbí afíngbá kí ó mú àlejò yí ilé ká ní Sátidé kan lóṣù, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ rẹ̀, ó kéré tán.

Ẹ ta okùn méjìlá sára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan, kí ẹ fi ìwé tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ àlejò kọ̀ọ̀kan sí kọ́ sí oṣù tí ó dárúkọ. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí pé yíǹkì máa ń pa rẹ́ bí ọ̀rinrin bá mú ìwé. Nígbà tí àkọ́rọ̀ bá rọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fi fóònù pe àwọn tó bá yín sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tó rọ̀ sí oko tiwọn, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní.