Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ra Bàálù Tí Yóò Máa Fa Gílídà, Ẹ Rọra

Wọ́n tún ti ra òmíràn. Ẹgbẹ́ kan tó ń fi gílídà, bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ṣeré níhìn-ín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí Piper Pawnee àlòkù, wọ́n ní ọjà gbàǹjo ni. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ díẹ̀.

Èkíní, ẹ má wo ọ̀dà tó ń dán. Oko ni wọ́n ṣe Pawnee fún nígbà tó jáde ní 1959, kó máa wọ́n oògùn sórí irè oko. Oògùn yẹn kì í fi irin sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Abẹ́ aṣọ tó bo ara bàálù ni ìpẹtà ń sápamọ́ sí, pàápàá níbi tí apá ti so mọ́ ara. Bí ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kí mẹkáníìkì yín ṣí i wò, ẹ máa lọ sílé yín.

Èkejì, okùn tí ẹ fi ń fa gílídà, bó bá ti họ, ẹ jù ú nù.

Ẹ̀kẹta, irin kékeré tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè já lẹ́nu okùn. Tost, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n, fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀: dúdú le jù, 1,000 daN (ìwọ̀n agbára tó ń já a), aláwọ̀ ewé rọ̀ jù, 300. Ẹnìkan fi dúdú sí gílídà kékeré, ó ní èyí tó rọ̀ ti ń já jù. Jíjá gan-an niṣẹ́ rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ara gílídà ni yóò ya!

Ẹ̀yin tí ẹ ń pa agbára ẹ́ńjìnnì rẹ́ ní kété tí gílídà bá tú sílẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Atẹ́gùn ló ń tu Lycoming O-540, ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọ̀pọ̀ Pawnee, lára. Nígbà tó ń fa ẹrù gòkè, eré rẹ̀ kò pọ̀, agbára rẹ̀ sì wà lókè pátápátá, sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á gbóná janjan. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá dorí rẹ̀ kodò, ẹ sáré wọnú òtútù, bí ẹni da omi tútù sínú ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ẹ dín agbára kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sáré. Ẹ máa wo gèèjì tó ń sọ bí orí sìlíńdà ṣe gbóná. Mo mọ̀ pé àwọn ẹnjiníà kan ń jiyàn pé a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di bàbàrà. Kì í ṣe àpò tiwọn ni owó àtúnṣe ti ń jáde. Ọmọkùnrin kan sọ mí ní ìjàpá nítorí bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Kò parọ́, tíì mi ti máa ń tutù kí n tó délẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ nígbà òtútù, sìlíńdà méjì ti sán.

Bí ẹ kò bá sì ní ẹ̀rọ tó ń ká okùn wọlé, ẹ rántí pé okùn ṣì ń wọ́ tẹ̀lé yín. Ẹ má fò ní ìsàlẹ̀ lórí ọgbà ẹlòmíràn. Àgbẹ̀ tó múlé gbè wá kì í dá wa lóhùn mọ́.