Ewé Kan, Omi Lẹ́ẹ̀meje: Bí Mo Ṣe Ń Po Oolong Nílé

Tíì inú báàgì ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀: èèyàn á jù ú sínú ife, á da omi gbígbóná lé e lórí, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí yóò fi rántí. Ohun tó gbé mi dé ìdí oolong, irú tíì kan, ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń mu ún, pé ìwọ̀nba ewé kan náà á gba omi lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀meje, adùn rẹ̀ á sì máa yí padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da omi sí i. Létí mi, àsọdùn ni. Mo bá wá ewé, mo gbé omi kaná, mo ní kí ahọ́n mi ṣe ìdájọ́.

Ara igi kan náà, Camellia sinensis, ni wọ́n ti ń já gbogbo ewé tíì, ìbáà jẹ́ tíì aláwọ̀ ewé, ìbáà jẹ́ tíì dúdú. Ohun tí wọ́n fi ewé ṣe lẹ́yìn tí wọ́n já a ló pín wọn níyà. Tí ara ewé bá ti bó, afẹ́fẹ́ á ráyè wọ̀ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, bí èso tí a gé sílẹ̀ ṣe máa ń pọ́n lójú ibi tí ọ̀bẹ kàn. Tíì aláwọ̀ ewé, wọ́n á tètè fi ooru pa á kó tó pọ́n rárá. Tíì dúdú, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó pọ́n tán. Oolong wà láàárín àwọn méjèèjì: wọ́n á sá a kó rọ, wọ́n á máa gbọn ọ́n nínú atẹ oparun kí etí ewé lè bó, wọ́n á wá fi iná dá a dúró níbi tó bá wù wọ́n. Ibi tó bá wù wọ́n yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìwọ̀n tí ewé pọ́n lè má ju nǹkan bí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì lè tó 80. Ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ò fẹ́ràn oolong, mo máa ń bi í pé èwo nínú wọn?

Ìdí rèé tí mo fi mú oríṣi méjì tó jìnnà síra. Àkọ́kọ́ ni Tieguanyin, láti Anxi ní ìpínlẹ̀ Fujian lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, irú èyí tí kò pọ́n púpọ̀. Wọ́n ti lọ́ ewé rẹ̀ pọ̀ títí ó fi di kóró-kóró, ó le débi pé tó bá bọ́ sínú abọ́, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀. Ìkejì ni tíì àpáta láti òkè Wuyi. Fujian náà ni, ṣùgbọ́n apá àríwá. Èyí gùn, ó lọ́ bí okùn, ó dúdú, wọ́n sì ti fi èédú yan án. Bí mo bá ṣí àpò ti àkọ́kọ́, òórùn òdòdó tútù ló ń jáde. Ti ìkejì, òórùn iná àti igi gbígbẹ.

Ohun èlò mi kò pọ̀: kẹ́tùlù, òṣùwọ̀n kékeré, aago fóònù, àti gaiwan. Gaiwan ni abọ́ tánganran kékeré tó ní ọmọrí lókè àti àwo pẹlẹbẹ nísàlẹ̀; tèmi ń gba nǹkan bíi mílílítà 100. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ìkòkò amọ̀ Yixing, ìlú kan ní Ṣáínà, ó sì rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n amọ̀ yẹn kò ní dídán lára, ó máa ń fa òórùn tíì àná mọ́ra. Ẹni tó fẹ́ fi tíì méjì wéra ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Tánganran kì í pa irọ́ mọ́ ewé.

Ọwọ́ gbọdọ̀ kọ́ gaiwan kí ẹnu tó lè gbádùn rẹ̀. Ẹ má da omi kún un dé etí, torí etí yẹn gan-an lẹ máa dì mú. Àtàǹpàkò wà lápá kan, ìka àárín wà lápá kejì, ìka ìfábẹ̀lá tẹ orí ọmọrí. Mo máa ń yí ọmọrí díẹ̀ kí àlàfo tín-ínrín kan lè ṣí, tí omi á gbà jáde tí ewé ò ní gbà. Ẹ wá dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń rọra dà á bí ẹni ń bẹ̀rù ni ooru máa ń bá lọ́wọ́.

Ife ńlá ni mo kọ́kọ́ lò, kí n lè ní ohun tí n ó fi díwọ̀n àwọn yòókù. Gíráàmù 3 sínú omi mílílítà 250, ìṣẹ́jú 3, mo sẹ́ ẹ. Ó dùn. Kò korò, kò sì ṣe ẹnu ní nǹkan kan. Ká sòótọ́, ẹni tó kàn fẹ́ mu tíì kó máa bá iṣẹ́ lọ, ibẹ̀ ló yẹ kó dúró sí.

Mo tún fi ọ̀nà àwọn tó ń yẹ tíì wò dán an wò. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 3103, ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde: gíráàmù 2 sí omi híhó mílílítà 100, ìṣẹ́jú 6 gbáko. Bí wọ́n bá fi ìyẹn se oolong fún àlejò, àlejò ò ní padà wá. Ó ń fún ẹnu pọ̀, ahọ́n á gbẹ. Àmọ́ wọn ò ṣe ìlànà náà kí tíì lè dùn. Wọ́n ṣe é kí àyẹ̀wò ibi gbogbo lè bára dọ́gba, kí àléébù ewé sì rí ìta. Ó sì ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n yan Wuyi tí mo ní kọjá bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí gongfu, èyí tí í ṣe ọ̀nà ewé púpọ̀, omi díẹ̀, àkókò kúkúrú. Tieguanyin gíráàmù 6 ni mo dà sínú gaiwan. Kóró-kóró náà kò ju kó bo ìsàlẹ̀ abọ́ lọ, ó sì dà bíi pé mo ṣahun. Mo kọ́kọ́ fi omi híhó ṣan abọ́ kó lè gbóná, mo da ewé sí i, mo dé e, mo mi ín lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣí ọmọrí, mo sì fi imú sí i. Kò tíì sí omi kankan níbẹ̀ o, ooru abọ́ nìkan ni, síbẹ̀ òórùn náà ti gba gbogbo imú mi.

Àwọn kan sọ pé dandan ni kéèyàn da omi àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Mo máa ń ṣe é fún ewé tí wọ́n lọ́ di kóró-kóró, nítorí ó ń jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Fún Wuyi tó ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo máa ń mu ún. Ọ̀pọ̀ òórùn tí wọ́n fi owó rà wà nínú omi yẹn, mi ò sì rí ìdí tí ihò omi fi gbọdọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Omi kìíní, ìṣẹ́jú-àáyá 20: ó mọ́ kedere, ó fúyẹ́, òórùn rẹ̀ ju adùn rẹ̀ lọ. Omi kejì, 15: nígbà yìí ewé ti ń tú, nítorí náà àkókò ń dín ni, kò pọ̀ sí i. Omi kẹta ni mo fi gbà pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ò purọ́. Ó ki lẹ́nu bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan ọlọ́ràá díẹ̀ sí i, nígbà tí mo gbé e mì tán, adùn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jáde láti ọ̀fun padà bọ̀ sórí ahọ́n. Láti ìgbà yẹn lọ, mo ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé omi keje, tí òdòdó ti lọ tán, tó wá ku omi dídùn lásán.

Ewé inú abọ́ nígbà náà yẹ ní wíwò. Ohun tí kò ju kó bo ìsàlẹ̀ lọ ti wú, ó ti gbé ọmọrí. Mo fa ẹyọ kan jáde, mo tẹ́ ẹ sórí àwo: ewé mẹ́ta lórí ọ̀pá kan ṣoṣo, odindi, wọn ò gé wọn. Àárín wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀, etí wọn sì pupa yí ká, ibi tí gbígbọn inú atẹ oparun ti bó o.

Ọ̀rọ̀ ooru ló gba sùúrù mi jù. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé tí tíì bá ń korò, kí á dín ooru omi kù. Mo dán an wò pẹ̀lú ewé kan náà, ìwọ̀n kan náà: omi dígírì 80 nínú abọ́ kan, 95 nínú èkejì. Ti 80 kò korò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Kóró ewé kò tíì tú dáadáa ní omi kejì. Ti 95 ta sánsán kúnlé. Mo bá fi omi híhó gan-an sí i, mo sì dín àkókò kù sí ìṣẹ́jú-àáyá 8. Ìyẹn ló dára jù nínú gbogbo wọn. Tíì aláwọ̀ ewé ni ìmọ̀ràn omi tó rọlẹ̀ yẹn tọ́ sí. Ní tèmi o, bí oolong bá ń korò, àkókò ni kí ẹ fọwọ́ kàn, ẹ fi ooru sílẹ̀.

Omi náà ní tirẹ̀. Omi líle, èyí tí èròjà òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, tó máa ń fi funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù, ó ń pa òórùn, ó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ tíì ṣókùnkùn. Èyí tí wọ́n sẹ́ títí tí kò fi ní nǹkan kan nínú mọ́ sì ń jẹ́ kó tẹ́. Omi inú ike tí èròjà rẹ̀ kéré ni mo ń lò báyìí.

Wuyi ò tètè gbà fún mi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń da ewé gíráàmù 8 sí irú abọ́ tèmi, ṣùgbọ́n níye ìyẹn, iná èédú nìkan ni mo ń gbọ́. Mo dín in kù sí 5. Ní omi kẹrin, iná náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nǹkan kan tó dà bí adùn èso gbígbẹ yọjú, òórùn rẹ̀ sì kù nínú ife òfìfo fún ìgbà pípẹ́. Ṣíṣí àpò náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tún ràn án lọ́wọ́, torí tíì tí wọ́n yan máa ń rọlẹ̀ tó bá sinmi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún Tieguanyin o, òórùn òdòdó rẹ̀ á fò lọ. Inú fíríìjì ni tèmi wà, nínú àpò tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀.

Tí oòrùn bá mú, mo ń da gíráàmù 5 sínú omi tútù mílílítà 500, ó di inú fíríìjì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Omi tútù kì í tètè fa ohun tó ń korò jáde, nítorí náà kò sí ìṣírò kankan níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan péré ni mo ní fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ife gongfu kéré, ó sì ń tanni jẹ. Ewé gíráàmù 6 tí ẹ mu omi rẹ̀ tán pátá pọ̀ ju báàgì tíì méjì lọ, kafíìnì inú rẹ̀ sì ń bọ̀ wá bá yín. Èmi kì í po ó mọ́ tí ọjọ́ bá ti rọ̀.