Gàrí Ìjẹ̀bú tí mo bá wọn yan ní Ẹ̀pẹ́

Oko ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Sikírù, la ti hú ẹ̀gẹ́ náà. A bó o, a fọ̀ ọ́. Èèpo yẹn ni májèlé pọ̀ sí jù. Ẹ má dà á fún ewúrẹ́ ní tútù o.

Ẹ̀gẹ́ tó ṣì wà ní odidi kì í ṣe sáyánáìdì, májèlé gan-an, ló kún inú rẹ̀. Linamarin, èròjà tí sáyánáìdì ti ń jáde bó bá fọ́, ló wà níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù, èròjà ara ẹ̀gẹ́ tó ń fọ́ ọ, sì wà lọ́tọ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá rin ín ni méjèèjì pàdé, tí sáyánáìdì á wá máa jáde. Ìdí tí mo fi ní kí ẹlẹ́rọ rin ín kúnná nìyẹn. Linamarin tí kò bá fọ́ níbẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun lè fọ́ ọ nínú ẹni tó bá jẹ ẹ́.

A rọ ọ́ sápò, a fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi ń ṣàn, a sì fi í sílẹ̀ kó kan.

Àwọn tí kì í fún un láyè yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Ní 1981, lásìkò ọ̀dá, ó lé ní 1,000 èèyàn tí ẹsẹ̀ wọn gan lójijì ní àríwá Mòsáńbíìkì. Konzo ni àrùn náà: ó ń ba àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sẹ́sẹ̀ jẹ́, kì í sì í san. Nílé níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Òṣúntókun ti Ìbàdàn kọ̀wé ní 1968 nípa àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ gan-an, tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn ń di.

Ìyá Sikírù ní kíkan ló ń pa májèlé.

“Iná ló ń lé ìyókù lọ, Ìyá Sikírù.”

“Ẹ ṣáà máa yan án lọ, Àkọ̀wé.”

Mi ò jiyàn mọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti kan jù, ìyókù májèlé inú rẹ̀ kì í tètè tú. Ooru agbada ló ń tú u, sáyánáìdì á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Mo dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, mo ń fi igbá rò ó, òógùn bò mí, mi ò sì sọ̀ ọ́ títí ó fi gbẹ ṣákáṣáká.

Kí n tó wọkọ̀, mo yà lọ́jà ẹja Olúwo. Sulphur (imí-ọjọ́) inú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni ara fi ń sọ sáyánáìdì tó bá ṣẹ́kù di ohun tí à ń tọ̀ dànù. Gàrí lásán, láràárọ̀ lálaalẹ́, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.