Bí mo ṣe gba àṣẹ fún lọ́rì akẹ́rù láti rìn ní Lọ́ńdọ̀nù

Àṣẹ méjì ni lọ́rì ńlá nílò ní títì Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ọ́fíìsì tó ń fúnni. Ti Transport for London, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù, wà fún lọ́rì tó ju tọ́ọ̀nù 12 lọ, tọ̀sán-tòru. Ti London Councils, ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, wà fún èyí tó ju tọ́ọ̀nù 18 lọ, lóru àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Kì í ṣe ẹrù ọjọ́ náà ni wọ́n ń wọ̀n o. Ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí òfin gba ọkọ̀ náà láyè ni, ó sì wà lára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Bí irin yẹn bá ní tọ́ọ̀nù 26, tọ́ọ̀nù 26 ni, bí lọ́rì tilẹ̀ ṣófo.

Mo kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ṣásí ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wa, kí wọ́n sọ iye ìràwọ̀ rẹ̀, láti òdo dé márùn-ún. Ìràwọ̀ yìí ń sọ bí dẹ́rẹ́bà ṣe ń ríran tó láti ojú fèrèsé, láìwo dígí tàbí kámẹ́rà. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2024, ọkọ̀ tí kò bá ní tó mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní ohun èlò ààbò. Tiwa kò tó. A fi kámẹ́rà àti sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ènìyàn bá wà nítòsí) sí ẹ̀gbẹ́ òsì, sẹ́ńsọ̀ síwájú fún ẹni tó bá dúró síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ ṣí, ohùn tó ń kìlọ̀ fún ará ìta bí ọkọ̀ bá fẹ́ yà sósì, irin ìdábòòbò ẹ̀gbẹ́, àti àmì ìkìlọ̀ sẹ́yìn.

Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ a máa ké nítorí òpó iná àti mọ́tò tó dúró. Dẹ́rẹ́bà tó ti gbọ́ ariwo yẹn láti àárọ̀ kò ní kà á sí mọ́ nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ bá wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ẹ̀mí á sì lọ. Ìdí nìyẹn tí òfin tuntun fi kọ irú rẹ̀. Kí n tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó to sẹ́ńsọ̀ náà, mo ní kó wà á jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mọ́tò tó dúró. Bó bá ké, kí ó tún un tò.

Mo ya fọ́tò ohun èlò kọ̀ọ̀kan, mo sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Kò sí ìwé tí à ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kámẹ́rà ojú títì ń kà, torí náà bí lẹ́tà kan bá ṣì lórí fọ́ọ̀mù, bí ẹni tí kò gba àṣẹ ni. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ £550. Ẹni tó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14 á san £275.

Òfin òru, ìyẹn ti London Councils, ti wà láti 1985. Ó ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí méje àárọ̀, àti láti aago kan ọ̀sán Sátidé títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Gbígba àṣẹ rẹ̀ kò le. Ipa ọ̀nà ni iṣẹ́ wà. Àwọn títì ńlá kan wà tí lọ́rì lè gbà nígbàkigbà. Orí wọn ni dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ wà títí yóò fi súnmọ́ ibi tó ń lọ, kó tó yà sí àdúgbò, orí wọn náà ni yóò sì tètè padà sí. Ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà kò mọ èyí. Ọ̀nà àbùjá ló ń wá, ó sì máa ń gba iwájú ilé àwọn tó ń sùn. Ẹni tó bá rú òfin yìí, ilé iṣẹ́ á san ìtanràn, dẹ́rẹ́bà náà á san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo sàmì sí oríta tí a ti máa yà fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórí máàpù, mo sì fún àwọn dẹ́rẹ́bà. Àwọn oníbàárà tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà létí títì ńlá yẹn gan-an ni mo kó sí alẹ́, nítorí ìrìn tí kò bá kúrò lórí rẹ̀ kò nílò àṣẹ òru rárá.