Ṣí Páálí Náà, Kí Ìwọ Fúnra Rẹ Wò Ó

Àbúrò, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ní ọ́fíìsì tó ń ṣètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn yunifásítì òkè òkun. Káàbọ̀ o. Bó o bá wọ danfó láti Yábàá tó o sọ̀ ní géètì, má fi orúkọ gígùn tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn bèèrè ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀dọ̀ Màmá Físà lò ń lọ. Èmi nìyẹn. N kì í fún èèyàn ní físà, àwọn ọmọ ló sọ mí bẹ́ẹ̀, mo sì ti gbà.

Ohun kan ni kó o kọ́kọ́ mọ̀ nípa àwọn ọmọ wa: wọn ò ní sọ fún ọ pé nǹkan ò lọ déédéé. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Bó o bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti ṣe é, "Bẹ́ẹ̀ ni, ma" ni wàá gbọ́. Torí náà, má bi wọ́n. Gba nǹkan náà lọ́wọ́ wọn, kó o fojú ara rẹ wò ó.

Orí páálí, ìyẹn ìwé ìrìnnà wọn, ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. A ní ọmọkùnrin kan nígbà kan, Ṣẹ́gun la ń pè é, Segun náà ló sì kọ sínú fọ́ọ̀mù. Páálí rẹ̀ ní Oluwasegun. Èsì ìdánwò rẹ̀ ní Olusegun. Èèyàn mẹ́ta nìyẹn lójú òyìnbó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ìgbàwọlé dé ní orúkọ Segun, àwọn tó ń ṣètò físà sì ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Segun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́tà mìíràn.

Nísàlẹ̀ pátápátá ojú ewé tí àwòrán wà, wàá rí ìlà méjì tó dà bíi pé ọmọdé ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré: lẹ́tà, nọ́ńbà, àti àmì kan tó rí bí orí ọfà tó kọjú sí òsì. Ìlà kọ̀ọ̀kan gba àyè 44. P ló bẹ̀rẹ̀ ti òkè, NGA tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà orúkọ bàbá, kí ọfà méjì tó ya orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ìlà yẹn ṣe kọ orúkọ ni kó o kọ ọ́ sínú gbogbo ìwé, láìgé e kúrú, láìfi àmì ohùn sí i. Ó máa ń dùn mí o. Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, orúkọ tí kò lámì dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ lẹ́nu mi. Àmọ́ ẹ̀rọ pápákọ̀ òfuurufú kò mọ Ṣ.

Kó o tó pa á dé, wo ọjọ́ tí páálí náà máa kú. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹ́ kó ṣì lóṣù mẹ́fà láti lò. Ọmọ tó bá sọ pé "ó ṣì dáa, ma", o mọ ohun tó o máa ṣe.

Kàlẹ́ńdà méjì ló wà lára ògiri wa. Bírò ni mo fi ń kọ ti òkè òkun, pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ tiwa. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Jámánì, sẹ̀mẹ́sítà òtútù máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá, ti ẹ̀ẹ̀rùn lóṣù kẹrin, kì í yẹ̀. Níbí, lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ ni ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ gbà. Rọ́bà ìpàwérẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́dún yẹn. Bí ìdánwò tiwa bá bọ́ sí àkókò tí ọmọ ti wà lọ́hùn-ún, olórí ẹ̀ka rẹ̀ ní láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ náà tó wọkọ̀ òfuurufú, ìgbà tó máa ṣe ìdánwò náà. Kí ó kọ ọ́ ni mo wí, kì í ṣe kó sọ ọ́.

Aago náà ńkọ́? Láti ìparí oṣù kẹwàá dé ìparí oṣù kẹta, ọ̀kan náà ni aago Èkó àti ti Berlin. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ti tiwọn síwájú ní wákàtí kan, àwa ò ní ti nǹkan kan. Mo sọ fún ọmọbìnrin kan pé aago mẹ́wàá ni wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó wọlé, wọ́n ti kí ara wọn pé ó dìgbóṣe. Ẹ̀bi mi ni. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n tún ọjọ́ dá, ṣùgbọ́n títí dòní, n kì í kọ aago láìkọ ìlú tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ owó kì í pẹ́: owó ẹ̀kọ́ tiwa ni ọmọ máa san, ilé-ìwé ọ̀hún kò ní gba owó ẹ̀kọ́ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pàṣípààrọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì, ilé, oúnjẹ àti insọ́ránsì kò sí nínú rẹ̀, àyàfi bí ètò kan bá wà tó ń san án. Pe òbí, kó o sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ. Bàbá kan gbé àpò ìrẹsì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a fi ọmọ òun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ yẹn ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Mo ní kí dírẹ́bà dá ìrẹsì padà sínú bọ́ọ̀tù, mo wá fún bàbá lómi tútù kí n tó ṣàlàyé. Bí wọ́n bá sì máa fi ìwé báǹkì hàn, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó náà pamọ́. Owó ńlá tó ṣàdédé já wọ àkáǹtì lánàá máa ń kọ àwọn tó ń wo ìwé físà lóminú.

Learning Agreement lọ́tọ̀. Ibẹ̀ la ti ń kọ iṣẹ́ tí ọmọ máa kà lọ́hùn-ún àti èyí tá a máa kà sí i lọ́rùn nílé. Ní Yúróòpù, 60 ECTS, ìyẹn yúníìtì tiwọn, ni ọdún kan, ẹyọ kan sì jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, títí kan ìwé tó ń kà nínú yàrá rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé yúníìtì mẹ́ta tiwa bá mẹ́ta tiwọn dọ́gba. Ẹ̀ka kan, n kò ní dárúkọ, sọ fún wa pé àwọn ti fọwọ́ sí i. Ọmọ náà lọ, ó yege, ó dé, wọ́n ní àwọn ò rí ìwé kankan. Ó tún àwọn iṣẹ́ yẹn kà. Láti ìgbà yẹn, èmi ni mò ń dúró níwájú tábìlì olórí ẹ̀ka títí bírò á fi kan bébà.

Ní ti ọjọ́ físà: kóńsúlù Amẹ́ríkà àti ti Jámánì wà ní Walter Carrington Crescent, ní Victoria Island. Afárá Third Mainland lé ní kìlómítà mẹ́wàá, má wulẹ̀ bi mí nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Aago márùn-ún ìdájí ni kí ọmọ kúrò nílé. Ọ̀kadà tí ì bá gbà á sílẹ̀, ìjọba ti fòfin dè é ní Etí-Ọ̀sà, ìjọba ìbílẹ̀ tí Victoria Island wà, láti oṣù kẹfà 2022.

Àwọn àlejò tó ń wá sọ́dọ̀ wa, rán wọn létí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí yẹ́lò káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan tó títí ayé. Tún kọ́ wọn ní bí a ṣe ń kọ ìmeèlì. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti hu ewú, ó pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń tù wọ́n nínú, àgbà àti ọmọ.

Bí ọmọ tiwa bá sì ti gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, máa pè é. Má bi í pé ṣé dáadáa ni, torí "a dúpẹ́, ma" ló máa sọ bí iná tilẹ̀ ń jó o lórí. Bi í pé kí ló jẹ lánàá. Ọmọbìnrin kan dákẹ́ nígbà tí mo bi í, ó wá rẹ́rìn-ín. Mo ní kó gbé fóònù lọ sídìí fíríìjì, kó ṣí i. Búrẹ́dì ìdajì, àlùbọ́sà kan, ike omi. Owó ìrànwọ́ rẹ̀ kò tíì wọlé láti ọjọ́ mọ́kàndínlógún, kò sì fẹ́ dààmú wa. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì tiwọn kí n tó gbé fóònù kalẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ owó dé, ó tún pè mí, ó ti ṣí fíríìjì sílẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.