Backup orí cloud ń fo dátábéèsì SQL Server: ohun tó tán an fún mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni backup wa fi ń sọ pé òun ti parí, àmọ́ "with warnings" máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò kà á sí. Ìgbà tí mo fẹ́ dá fáìlì kan padà ni mo rí i pé kò gbé dátábéèsì SQL Server (ètò Microsoft tó ń tọ́jú dátà) tí àkọsílẹ̀ ọjà wà nínú rẹ̀ rárá.

Mo yọ agent ilé-iṣẹ́ backup náà (ètò wọn tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa) kúrò, mo tún un fi sí i: pàbó. Mo sún àkókò rẹ̀ sí òru: ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀.

Níkẹyìn, mo ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, mo tẹ vssadmin list writers, àṣẹ tó ń to àwọn writer, ìyẹn àwọn tó ń múra dátà sílẹ̀ fún backup nínú Windows. SqlServerWriter kò sí níbẹ̀! Mo lọ sí services.msc (ibi tí Windows to àwọn service rẹ̀ sí), mo rí i pé SQL Server VSS Writer ti dúró. Mo yí Startup type rẹ̀ sí Automatic, mo tẹ Start, mo tún backup ṣe. Ó gbé e. Mo kọ́kọ́ dá a padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ọkàn mi tó balẹ̀, ó ṣí.

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ fún yín o. Bí service náà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín tí writer náà kò sì hàn, ẹ wò ó bóyá àlàfo (space) wà ní ìparí orúkọ dátábéèsì kan.